Omi Aró: Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀ Kí Ó Tó Dé Odò

  Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe lórí ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo. Lórí omi ni, omi tó ń jáde láti inú ìkòkò aró. Ẹ má sọ pé, "Kí ló kan àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ aró?" Ó kàn wá gan-an. Omi tí aláró bá dà nù lókè, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń bọ̀.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá nìyí. Ní abúlé kan tí mo ń bójú tó, bàbá kan gbẹ́ adágún ẹja sẹ́bàá odò kékeré kan. Ó ń sin ẹja àrọ̀ níbẹ̀, ó sì ń fi omi odò yẹn kan náà bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lókè odò, ìyá kan tó kọ́ṣẹ́ àdìrẹ wá láti Abẹ́òkúta ń ṣe kàǹpálà. Ní ìdájí ọjọ́ kan, bàbá yìí dé ìdí adágún rẹ̀, ó bá àwọn ẹja tí wọ́n ń la ẹnu lójú omi. Kí oòrùn tó mú, ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Omi náà ti ní àwọ̀ búlúù.

Ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n lé aláró kúrò lábúlé. Ìyá ní iṣẹ́ yìí lòun fi ń rán ọmọ mẹ́ta níléèwé, níbo ni kí òun wá máa da omi sí? Ṣé orí òun ni? Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Baálẹ̀ wò mí, wọ́n ní, "Bọ̀dá Ágíríìkì, ìwọ lo kàwé. Kí ni ká ṣe?" Kí n má parọ́ fún yín, ohun tí mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe kò ṣiṣẹ́ rárá. Mo máa sọ bó ṣe jẹ́ níwájú, torí inú àṣìṣe yẹn ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ OMI ARÓ?

Nígbà àwọn ìyá wa àgbà, ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń sá. Omi eérú ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ kí aró tó jinná. Nígbà tó yá, òyìnbó gbọ́n ọgbọ́n mìíràn. Ní ọdún 1856, William Henry Perkin rí aró àkọ́kọ́ tí kì í ṣe láti ara ewé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1897, iléeṣẹ́ BASF ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró búlúù tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní ọdún 1936, ọ̀rọ̀ aró òyìnbó àti kọ́sítíkì sódà dá wàhálà ńlá sílẹ̀ láàárín Aláké Ademola Kejì àti àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n dídára aṣọ ni wọ́n ń jà lé lórí nígbà náà. Omi tó ń ṣàn lọ ni tiwa lónìí.

Nínú omi aró òde òní, ẹ máa rí nǹkan mẹ́rin:

1. Aró fúnra rẹ̀. Ó máa ń dí ojú omi, kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé. Àwọn ewéko kéékèèké inú omi nílò ìmọ́lẹ̀ yẹn kí wọ́n tó lè fún ẹja ní afẹ́fẹ́.

2. Kọ́sítíkì sódà. Òun ló ń bó aláró lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH, tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14. Ohun tó bá kan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, wà nísàlẹ̀. Omi eérú àti sódà wà lókè. 7 ni agbede-méjì. Ara ẹja máa ń yá láàárín 6.5 sí 9. Bó bá ti dé 11, ikú ló kù. Omi inú ìkòkò aró tó ní kọ́sítíkì lè ju 11 lọ.

3. Ẹ̀tù funfun tí wọ́n ń pè ní hydrosulphite. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi aró, kí aró lè yó wọnú aṣọ. Bó bá dé odò, iṣẹ́ yẹn kan náà ló máa ṣe: á gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí. Ìdí nìyẹn tí ẹja bàbá wa fi ń la ẹnu lójú omi.

4. Iyọ̀. Àwọn aró kan wà tí a máa ń da iyọ̀ sí kí wọ́n lè mú aṣọ dáadáa. Aró á wọ aṣọ, iyọ̀ á kù sínú omi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí nǹkan mẹ́rin yìí. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ojú ń rí, àwọn mẹ́ta yòókù ò ní àwọ̀. Torí náà, omi tó mọ́ lójú lè má tíì mọ́ ní tòótọ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÁWỌN ÀGBẸ̀ NÍ ÍŃDÍÀ

Ìlú kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Tiruppur. Iṣẹ́ aṣọ àti aró pọ̀ níbẹ̀ gan-an, odò Noyyal sì ni wọ́n ń da omi rẹ̀ sí. Ní ọdún 1992, ìjọba parí ìsédò kan sísàlẹ̀ odò náà ní Orathupalayam, kí àwọn àgbẹ̀ lè máa fi omi rẹ̀ bomi rin oko. Omi aró oníyọ̀ ló wá kún inú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ṣe ìsédò náà fún ò lè lo omi ọ̀hún mọ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n sì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ gíga Madras pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ aró ibẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọn, títí wọn ò fi ní máa da omi ẹlẹ́gbin kankan síta mọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún iléeṣẹ́ ló kàn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àgbẹ̀ pàdánù oko, aláró pàdánù iṣẹ́. Tiwa ò tíì tó bẹ́ẹ̀, ìsinsìnyí sì ló yẹ ká tún un ṣe. Odò ò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Odò Ọ̀ṣun tó kọjá lára Òṣogbo, ìlú aró, kì í dúró síbẹ̀. Ó gba Aṣéjíre, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, ó sì wọ Ọ̀sà Lẹ́kí tí àwọn apẹja wa ní Ogun Waterside ti ń dẹ àwọ̀n.

ÀṢÌṢE MI

Nígbà tí baálẹ̀ ní kí n sọ̀rọ̀, mo rántí pé álọ́ọ̀mù ni a fi ń mú kí omi odò tó dọ̀tí silẹ̀. Mo ní kí ìyá lọ ra álọ́ọ̀mù, kó dà á sínú ìkòkò aró. Ìkòkò ṣì gbóná, sódà ṣì kún inú rẹ̀. Álọ́ọ̀mù yó tán, omi dúró bó ṣe wà. Ìyá wò mí, wọ́n ní, "Bọ̀dá Ágíríìkì, owó álọ́ọ̀mù mi dà?" Ojú tì mí.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ibi tí pH bá wà láàárín 6 sí 8 ni álọ́ọ̀mù ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Níbẹ̀ ló ti ń di wóró wóró bí òwú tó já, tó máa so mọ́ aró, tó sì máa fà á lọ sísàlẹ̀. Nínú sódà líle, yíyó ló máa yó pátápátá, kò ní di nǹkan kan. Ṣé ẹ rí i, ètò ló ṣe pàtàkì jù. Afẹ́fẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kíkan tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà álọ́ọ̀mù, kí èédú wá gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá ṣe é ní àṣepadà, owó ló máa ṣòfò.

ÌGBÉSẸ̀ MÁRÙN-ÚN

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì ṣọ́ ojú yín. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe inú ilé. Kí ọmọdé má sún mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ gba omi náà dúró. Ẹ má dà á sílẹ̀. Ẹ ní dírọ́ọ̀mù méjì tàbí mẹ́ta. Bí aró tó wà nínú ìkòkò bá ṣì lágbára, ẹ má tíì dà á nù. Ẹ bò ó, kí ẹ sì fi aró díẹ̀ kún un nígbà mìíràn. Omi tí ẹ ò dà nù ni kò ní wàhálà. Èyí tó bá ti kú pátápátá, ẹ dà á pọ̀ mọ́ omi àkọ́kọ́ tí ẹ fi ṣan aṣọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fún un ní afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọ̀pá rò ó dáadáa, ẹ máa bù ú sókè kí ẹ máa dà á padà, bí ẹni ń fẹ́ tíì kó tutù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ yìí ló máa pa agbára hydrosulphite. Bó bá jẹ́ aró búlúù ti èlú tàbí irú rẹ̀ ti òyìnbó, ohun mìíràn tún máa ṣẹlẹ̀. Aláró mọ̀ pé aṣọ máa ń ní àwọ̀ ewé bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, tó bá wá rí afẹ́fẹ́ á di búlúù. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi. Bí aró yìí bá ti di búlúù, kì í yó nínú omi mọ́. Á silẹ̀ bí ògì ṣe ń silẹ̀. Ẹ rọra da omi òkè sínú dírọ́ọ̀mù kejì. Búlúù tó silẹ̀ yẹn, owó ni! Ẹ kó o pa mọ́, kí ẹ dà á padà sínú ìkòkò aró tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dín sódà kù. Ohun kíkan ló ń pa sódà: omidùn tó ti kan gidi, omi ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí fínígà. Ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó, kí ẹ sì máa dán an wò. Ẹ má fi omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún lára gàrí ṣe é o. Májèlé wà nínú ìyẹn, òun náà sì ń ba odò jẹ́. Ẹ má fi omi bátìrì mọ́tò ṣe é rárá. Bí ohun kíkan líle bá pàdé hydrosulphite tí afẹ́fẹ́ ò tíì pa, èéfín burúkú ló máa jáde, tó lè pa èèyàn lára. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ kejì fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé sódà ti dín kù? Zóbò tí ẹ̀ ń mu ló máa sọ fún yín. Ẹ rẹ zóbò nínú omi gbígbóná díẹ̀ kó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ẹ ki bébà funfun bọ̀ ọ́, ẹ sá a níbòòji, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, omi òjò sí èkejì, omi eérú sí ẹ̀kẹta. Ẹ máa rí i pé ti ọsàn á pọ́n, ti omi eérú á sì di àwọ̀ ewé. Bí ojú yín bá ti mọ èyí, ẹ kán omi aró tó ti silẹ̀ sí òmíràn. Bó bá di àwọ̀ ewé, sódà ṣì wà níbẹ̀. Bó bá jọ ti omi òjò, ó ti tó. Bí omi náà bá ṣì láwọ̀ tó pọ̀, tí kò jẹ́ kí ẹ rí zóbò, ẹ ra bébà pH lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Álọ́ọ̀mù. Ẹ má kàn da gbogbo rẹ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú ìgò. Ẹ lọ álọ́ọ̀mù, kí ẹ yó ṣíbí tíì méjì tó kún déédéé nínú omi lítà kan. Ẹ wá bu omi aró lítà kọ̀ọ̀kan sínú ìgò mẹ́rin tí ojú ń rí inú rẹ̀. Ẹ da ṣíbí ńlá 1 nínú omi álọ́ọ̀mù sí ìgò kìíní, 2 sí èkejì, 4 sí ẹ̀kẹta, 6 sí ẹ̀kẹrin. Ẹ mì wọ́n kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì gbé wọn kalẹ̀ fún wákàtí kan. Èyí tí omi rẹ̀ bá mọ́ jù, tó sì gba álọ́ọ̀mù tó kéré jù, òun ni kí ẹ mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìgò kejì ló dára jù, ṣíbí 2 fún lítà 1. Bí dírọ́ọ̀mù yín bá gba lítà 200, ṣíbí 400 ni. Ẹ má jókòó máa kà á o! Ṣíbí ńlá bíi 66 ló ń kún lítà kan, torí náà lítà 6 omi álọ́ọ̀mù ló máa tó. Ẹ ka iye tí ṣíbí tiyín fi ń kún lítà kan, torí ṣíbí ò dọ́gba. Ẹ dà á sí i, ẹ rò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Èédú. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ lu ihò kékeré sí ìdí rẹ̀. Ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, kí ó ga tó ìbú ọwọ́ kan. Ẹ da iyanrìn tí ẹ ti fọ̀ lé e. Ẹ gún èédú kó rí bí wóró àgbàdo, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ wá dà á lé e nípọn dáadáa. Ẹ fi iyanrìn díẹ̀ bo òkè. Èédú èèpo ekùrọ́ dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, kò sì wọ́n wa lọ́dọ̀ wa. Ihò kéékèèké tó wà lára èédú ló ń di aró mú. Kí omi rọra máa já bí okùn tín-ínrín. Bó bá ń ya bí ẹ̀rọ omi, èédú ò ní ráyè mú nǹkan kan. Bí àwọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nísàlẹ̀, èédú ti yó nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

ARÓ TÍ Ó LÓRÍ KUNKUN

Kì í ṣe gbogbo aró ló ń silẹ̀. Àwọn aró òyìnbó kan wà, pàápàá àwọn pupa àti yẹ́lò tí a ń da iyọ̀ sí, tí wọ́n máa ń yó pátápátá nínú omi. Álọ́ọ̀mù lè dín wọn kù díẹ̀, ṣùgbọ́n èédú ló máa ṣiṣẹ́ jù, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa da omi náà gba inú èédú.

Níléeṣẹ́ ńlá, oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń lò. Àwọn kan ń fi kòkòrò tí ojú kò lè rí jẹ aró náà, wọ́n á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí omi kí kòkòrò náà lè ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń lo afẹ́fẹ́ ozone. Àwọn tó lówó ń ti omi gba inú awọ tín-ínrín kan tó ń dá iyọ̀ pàápàá dúró. Àwọn onímọ̀ tún ti rí i pé olú tó ń hù lára igi jíjẹrà, irú èyí tí wọ́n ń gbìn tà, lè jẹ aró run. Ohun tó ń fi jẹ igi náà ló fi ń jẹ aró.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Bí àwọn aró kan bá jẹrà níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, àwọ̀ wọn á lọ, àmọ́ wọ́n á já sí ohun mìíràn tó léwu jù. Nínú ohun tí àwọn kan nínú wọn ń já sí, a rí èyí tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Nítorí irú aró bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ṣòfin ní ọdún 2002 pé wọn ò gbọdọ̀ lò ó lára aṣọ tó ń kan ara èèyàn. Torí náà, ẹ má gbẹ́ kòtò jíjìn kí ẹ da omi aró sí i, kí ẹ wá rò pé ó ti tán.

OHUN TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

- Ẹ má da òògùn ìfọṣọ tó ń bó àwọ̀ sí omi aró kó lè funfun. Àwọ̀ á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti fi májèlé mìíràn rọ́pò rẹ̀.

- Ẹ má mu omi tí ẹ tọ́jú yìí, ẹ má fún ẹran mu, ẹ má sì fi bomi rin ẹ̀fọ́. Èédú àti álọ́ọ̀mù kì í yọ iyọ̀. Iyọ̀ á jó ewé, á sì mú kí ilẹ̀ le gbagidi, tí omi ò ní lè wọlé mọ́. Ohun tó dára jù ni kí aláró fi omi náà ṣan aṣọ mìíràn tàbí kó fi po aró tó ń bọ̀. Á dín owó omi kù.

- Pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ tó silẹ̀ pẹ̀lú álọ́ọ̀mù àti èédú tó ti yó kì í ṣe ajílẹ̀. Ẹ má dà á sóko. Ẹ má fi èédú yẹn dáná. Ẹ sá a lórí ọ̀rá níbi tí òjò ò dé, ẹ dì í sínú àpò tí omi ò lè wọ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ibi tó yẹ kí ẹ gbé e sí.

- Ẹ̀yin ará Ogun Waterside, koríko orí omi tó ń yọ òdòdó, tó máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi yín, gbòǹgbò rẹ̀ lè fa aró mu. Bí ẹ bá ti ní i, ẹ lè fi sínú kòtò tí omi ò ti lè sun kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ sí odò tí kò tíì dé. Koríko tó bá ti mu aró, ẹ má fún ẹran jẹ.

BÍ OMI ARÓ BÁ TI DÉ ODÒ YÍN

1. Ẹ dí ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà wọ adágún ẹja lójú ẹsẹ̀.
2. Ẹ má fún ẹja lóúnjẹ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ da omi kànga tó mọ́ sí i, kí ẹ máa bù ú sókè kó lè rí afẹ́fẹ́.
3. Ẹ má jẹ ẹja tó kú, ẹ má tà á.
4. Ẹ bu omi náà sínú ìgò tó mọ́, ẹ dé e. Ẹ kọ ọjọ́, àsìkò àti ibi tí ẹ ti bù ú sí i lára. Láìsí ẹ̀rí, ariwo lásán ni.
5. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá aláró sọ̀rọ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, lẹ́yìn náà wolé-wolé, lẹ́yìn náà àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1988, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FEPA sílẹ̀, ni òfin ti ń mú iléeṣẹ́ tó bá ba omi jẹ́. Àjọ NESREA ló wà nídìí rẹ̀ láti ọdún 2007, òfin pàtàkì kan sì jáde fún àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ní ọdún 2009. Ṣùgbọ́n láàárín aládùúgbò, ẹ jẹ́ kí òfin gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ WA ṢE PARÍ

Nígbà tí a tún padà jókòó níwájú baálẹ̀, ìyá aláró ní òun gbà pé òun jẹ̀bi. Àmọ́ wọ́n yíjú sí bàbá ẹlẹ́ja, wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, bàbá? Ta ló ń fọ páǹpù apakoríko sínú odò yìí lẹ́yìn tó bá fín oko tán?" Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá sọ ojú nílẹ̀. Lóòótọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe gàrí tó jókòó síbẹ̀ náà ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni, torí wọ́n mọ ibi tí omi ẹ̀gẹ́ tiwọn ń ṣàn sí.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹnu kò. Ìyá ra dírọ́ọ̀mù méjì, àwọn ọ̀dọ́ abúlé bá wọn ṣe asẹ́ èédú. Bàbá ń fọ páǹpù nínú oko, ó ń fín omi tó fi fọ̀ ọ́ padà sórí ilẹ̀ oko kan náà. Àwọn onígàrí gbẹ́ kòtò tiwọn síbi tó jìnnà sódò. Ọjọ́ tí ìyá bá fẹ́ tú ìkòkò aró palẹ̀, wọ́n á ta aṣọ pupa kan sára igi lẹ́bàá ọ̀nà, bàbá á sì dí ẹnu ọ̀nà omi títí wọ́n á fi ká aṣọ náà kúrò. Búlúù tí ìyá ń rí kó padà nísàlẹ̀ dírọ́ọ̀mù ló jẹ́ kí wọ́n tẹra mọ́ ọn. Wọ́n ní òun ò mọ̀ pé owó lòun ń dà sódò látọjọ́ yìí. Bàbá ti sin ẹja mìíràn, ó sì ti tà wọ́n.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ álọ́ọ̀mù ṣì wà nínú àpò lẹ́yìnkùlé ìyá, a ṣì ń bá àwọn wolé-wolé sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nínú odò.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ ká mọ irú omi tí a ń dà síwájú ara wa. Bí aláró bá wà ládùúgbò yín, ẹ ka ìwé yìí sí wọn létí. Bí ẹ bá fẹ́ ká jọ ṣe asẹ́ èédú lábúlé yín, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ yín níjọ́ ìpàdé. Ẹ pèsè kẹ́ẹ̀gì kan, èédú, iyanrìn àti zóbò díẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú zóbò, a jọ máa mu ún.